Lékeléke Àsìkò Ìṣínu

Àláàdì, 29 Jánúárì, 1995

Bọ̀ọ̀dá Gàní tẹ́ pépà kan sórí ẹní níwájú Bàbá Mógàjí lónìí. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni wọ́n yà sí i, gbogbo wọn kọjú sí títì ẹ̀yìnkùlé wa. Igi ọ̀dán wà nínú ṣọ́ọ̀bù kejì. Yàrá tí mo ń sùn wà nínú ẹ̀kẹta. Gàní fi ìka lé e, ó ní ibẹ̀ yẹn á fẹ̀ dáadáa. Kò sí ẹni tó bi mí pé ibo ni mo fẹ́ máa gbé. Ọmọ bàbá kan náà ni èmi àti ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ti lọ sílé ọkọ, mo sì ti padà wá. Wọn kì í bi ilémosú ní nǹkan.

Mo ní ká rántí wàsíyà. Kò sí ọmọ ilé yìí tí kò mọ̀ ọ́n. Bàbá wa àgbà tó tẹ ilé yìí dó sọ kó tó kú pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé ọ̀dán yẹn níwọ̀n ìgbà tí lékeléke bá ṣì ń sùn lórí rẹ̀. Ó ní òun bá wọn níbẹ̀ ni, àlejò kì í sì í lé onílé.

Gàní ní lékeléke wo? Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun ti fojú kan ìyẹ́ wọn kẹ́yìn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò purọ́. Ìgbà tó bá fi ti Ọ̀fà Garage dé, níbi tó ti ń ta páàtì mọ́tò, ilẹ̀ ti ṣú pátápátá. Kó sì tó jáde láàárọ̀, àwọn ẹyẹ ti gba oko lọ. Iwájú ilé ni mọ́sálásí wà, iwájú ilé ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Èmi nìkan ni mo ń gbé ẹ̀yìn. Mo ní ìgbẹ́ wọn ti sọ páànù orí yàrá mi di funfun, ó ní ẹyẹlé ni.

Bàbá Mógàjí, àbúrò bàbá wa, dijú gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú náà kò ríran jìnnà mọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní ààwẹ̀ ti dé tán, òun ò fẹ́ àríyànjiyàn nínú ààwẹ̀. Tí a bá ṣọdún tán, a ó jókòó. Ẹni tó bá ní ẹyẹ ń sùn níbẹ̀ kó wá fi hàn.

Àlàrùbá, 1 Fẹ́búárì

Ààwẹ̀ kìíní. Ooru mú gan-an, ètè mi bó.

Mo bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá bá mi wo igi nírọ̀lẹ́. Ìgbà tí ladani bá ń pe ìrun Mọ̀gàríbì gan-an ni lékeléke ń wọlé. Ìyàwó Gàní wò mí bí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń dà rú. Ó ní ṣé kí òun fi ẹ̀kọ àti àkàrà sílẹ̀ lẹ́yìn ebi ọjọ́ gbogbo kí òun wá máa ka ẹyẹ ni? Àwọn ọkùnrin ní àwọn ò lè fi ìrun jámáà sílẹ̀. Àmínù, ọmọ ìyá mi, tó ń ránṣọ, ní òun á wá. Kò wá. Aṣọ ọdún pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi ìyẹn tu ara mi nínú.

Mo dá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife omi àti dàbínù. Wọ́n gba ìhà odò Asà wá, wọ́n ya bo igi bí ẹni da òwú sí i, wọ́n ń ta ara wọn nídìí, wọ́n ń ké bí àwọn ìyàwó tó ń jà sí omi ẹ̀rọ. Inú mi dùn, inú sì tún bí mi. Nǹkan tó hàn tó báyìí, tó tún ń pariwo, gbogbo ilé ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná ní iwájú, ẹnì kan ò gbójú sókè.

Bí wọn ò bá lè wá sídìí igi, èmi á gbé igi lọ bá wọn. Kámẹ́rà tí mo fi ń ya àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìparí ọdún wà nísàlẹ̀ àpótí.

Àbámẹ́ta, 4 Fẹ́búárì

Mo ra fíìmù lọ́dọ̀ Danjuma, tó ń fọ fọ́tò ní Ọjà Tuntun. Ó ti gbówó lórí ju ti ìparí ọdún lọ. Kóńgò ẹ̀wà náà ti gbówó lórí. Epo ò sí, kò sí mọ́tò, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ilé.

Danjuma yí kámẹ́rà mi síwá sẹ́yìn, ó ní eléyìí ò lè ṣe ju ìsọmọlórúkọ lọ, ta ni mo fẹ́ fi yà? Mo ní ẹyẹ. Ó ní ṣé ẹyẹ náà ti san àṣansílẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò rántí ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Àtìní, 6 Fẹ́búárì

Fúláàṣì kámẹ́rà yìí kì í gbọ́ràn. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú díẹ̀, yóò tan fúnra ẹ̀, o fẹ́ o kọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo igi fò dìde. Wọ́n ń yí lójú ọ̀run, wọ́n ń ké, mo dúró sísàlẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n. Ó pẹ́ kí wọ́n tó bà padà. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé mi ò tíì ṣínu.

Bí mo bá ń lé wọn báyìí, kí ni mo fi sàn ju Gàní lọ?

Jímọ̀, 10 Fẹ́búárì

Dúdú. Gbogbo fọ́tò náà. Nínú ọ̀kan, ewé tó súnmọ́ fúláàṣì ń dán bí ẹni fi òróró pa á, ẹ̀yìn rẹ̀ òkùnkùn birimù. Nínú òmíràn, àmì funfun wínníwínní bí iyọ̀ tó dà sórí aṣọ dúdú. Danjuma gba owó rẹ̀ pé, ó ní òkùnkùn ni mo gbé wá, òkùnkùn ni òun fọ̀. Ó ní kí n máa yà á nígbà tí oòrùn ṣì wà. Mo ní bí oòrùn bá ṣì wà, wọn kì í tíì dé. Ó ní nígbà náà kí n bẹ oòrùn.

Kó tó di pé mo kúrò níbẹ̀, ó ta fíìmù mìíràn fún mi, èyí tó ní ó máa ń ríran díẹ̀ nínú òkùnkùn. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Owó aṣọ ọdún mi ni mo fi rà á, kí n sọ òótọ́.

Àláàdì, 12 Fẹ́búárì

Bàbá Mógàjí ránṣẹ́ pè mí lẹ́yìn tàfsíìrì. Àwọn obìnrin ti sọ fún un pé mi ò bá wọn kírun Mọ̀gàríbì mọ́, pé mi ò gbààwẹ̀, pé mò ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀. Mo ní mò ń gbààwẹ̀, abẹ́ igi ni mo ti ń kírun. Ti ẹyẹ yẹn, mi ò jiyàn. Mo ń bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ń dáhùn ju àwọn kan nínú ilé yìí lọ, àmọ́ mi ò sọ ìyẹn fún Bàbá.

Ó ní kí n ṣọ́ra, àwọn ènìyàn ń wò mí.

“Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, Bàbá,” ni mo wí. “Kí wọ́n máa wò.”

Ó ní kí n máa lọ.

Àtàlátà, 14 Fẹ́búárì

Ọyẹ́ tó ti lọ tún padà dé. Láti ẹnu ọ̀nà mi, mi ò rí orí igi. Mi ò yà.

Àlàmísì, 16 Fẹ́búárì

Mo fi pílásítà ọgbẹ́ di ojú fúláàṣì. Mo da odó dé, mo gbé kámẹ́rà lé ìdí rẹ̀ kí ọwọ́ mi má baà mì ín. Mo tẹ̀ ẹ́, mo di èémí mú. Kò sí ẹyẹ tó fò. Eruku ṣì pọ̀ lójú ọ̀run, ohun gbogbo rí bàìbàì bí omi ògì, mi ò rò pé á jáde. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyẹ tó fò.

Àbámẹ́ta, 18 Fẹ́búárì

Atẹ́gùn fẹ́ lọ́sàn-án, ó gbá eruku lọ. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run mọ́, ó pọ́n láti ìsàlẹ̀ dé àárín.

Àmínù sì wá! Òwú ṣì wà lára aṣọ rẹ̀, ó gbé ọ̀ọ̀lẹ̀ gbígbóná dání. Ó ní kí n má bínú pé òun ò tètè wá. Orí bàráńdà onílé kan ní Ọjà Tuntun ló gbé máṣíìnì rẹ̀ sí, wọ́n ń lé e sọ́tùn-ún sósì nínú àsìkò tí iṣẹ́ pọ̀ jù lọ. A dúró. Ladani pe ìrun, a ṣínu, mo sì fọwọ́ kàn án pé kó wòkè.

Wọ́n wá ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Àmínù bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, ó dé ibì kan, kíkà dà rú mọ́ ọn lójú, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Àǹtí mi, wọ́n pọ̀ o.” Ó rántí bí ìyá wa ṣe máa ń fi ìgbálẹ̀ lé wa sábẹ́ igi yìí kí a lọ ṣa ìyẹ́ kúrò níbi tó ti ń yí ẹ̀kọ. A rẹ́rìn-ín. Ó bá mi di odó mú kí ó má mì. Mo tẹ kámẹ́rà títí fíìmù fi tán.

Mi ò mọ bí fọ́tò ṣe máa rí. Ṣùgbọ́n lónìí, mo ní ẹnì kan nínú ilé yìí.

Àlàrùbá, 22 Fẹ́búárì

Ó jáde. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló fọ́n, ojú ẹyẹ di méjì méjì. Ṣùgbọ́n ọ̀kan jáde. Igi dúdú, ojú ọ̀run pupa, lékeléke funfun lórí gbogbo ẹ̀ka láti òkè dé ìsàlẹ̀, òmíràn ṣì na ìyẹ́, ó ń wá ibi tí yóò bà. Nísàlẹ̀ lápá òsì, páànù yàrá mi àti dúrọ́ọ̀mù omi mi. Ẹni tó bá ní ibòmíràn ni, kó wá sọ ẹni tó ni dúrọ́ọ̀mù.

Danjuma pe àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wò ó. Ó ní kí n jẹ́ kí òun fọ ọ̀kan fún ara òun, òun á gbé e kọ́. Mo gbà. Mo rìn wá sílé, mi ò mọ̀ pé ebi ń pa mí.

Jímọ̀, 24 Fẹ́búárì

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmẹ́tè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyàwó Gàní tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí omi lónìí, ó ní ìyá ẹyẹ dé. Mo wọ yàrá, mo mú fọ́tò, mo nà án sí i lójú. Ó wò ó títí. Ó ní, “Wọ́n mà rẹwà,” ó sì gbé garawa rẹ̀ lọ. Inú mi dùn bí ọmọdé tó gba ipò kìíní. Ìwà òmùgọ̀ gbáà.

Àláàdì, 26 Fẹ́búárì

Gàní ti ń tètè dé láti Ọ̀fà Garage báyìí. Lánàá àti lónìí, kí oòrùn tó wọ̀, ó kó pàǹtí sábẹ́ ọ̀dán, ó da táyà àlòkù lé e, ó ṣáná sí i. Èéfín dúdú dì mọ́ igi. Àwọn ẹyẹ dé, wọ́n yí po, wọ́n yí po, wọn ò rí ibi bà. Wọ́n ṣí lọ sápá odò. Mo ń wúkọ́, mo ń sunkún, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti èéfín nínú ẹ̀.

Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní ṣé òun ò gbọdọ̀ tọ́jú ilé bàbá òun kí ọdún tó dé ni?

Mo lọ sọ fún Àmínù lórí bàráńdà tó ti ń ránṣọ. Kò gbójú kúrò lórí aṣọ. Ó ní ó dára ṣáá pé fọ́tò ti wà.

Àlàrùbá, 1 Máàṣì

Èéfín. Wọn ò wá mọ́.

Jímọ̀, 3 Máàṣì

Ọdún. Aṣọ èṣí ni mo wọ̀ lọ sí Yídì. Mo kí gbogbo ènìyàn, mo kí Gàní pàápàá. Iná náà kú láti àná. Lékeléke ò tíì padà.

Àláàdì, 5 Máàṣì

A jókòó lẹ́yìn Àílà. Àwọn àgbà ilé, Gàní, Àmínù, èmi nìkan lóbìnrin. Mo gbé fọ́tò fún Bàbá Mógàjí. Ó gbé e súnmọ́ ojú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó pẹ́ lórí ẹ̀. Ó ní, “Wọ́n funfun.” Ó ní bí wọ́n ṣe rí nígbà tí òun wà lọ́mọdé nìyẹn. Wọ́n fi yí ká. Ẹnì kan ò sọ pé kì í ṣe igi wa, ẹnì kan ò sọ pé kì í ṣe ẹyẹ. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti ń rò pé tí mo bá dé yàrá mi, màá sùn.

Gàní ló gbà á kẹ́yìn. Kò tiẹ̀ bínú. Ó ní, “Igi wa ni. Lékeléke ni. Ọdún wo ni?”

Mo ní ọdún yìí ni, nínú ààwẹ̀ yìí, kí wọ́n lọ bi Danjuma tó fọ̀ ọ́. Gàní ní Danjuma rí fíìmù, kò rí ẹyẹ, ta ló mọ ọjọ́ tí fíìmù ti wà nínú àpótí mi. Ó ní gbogbo ilé ló mọ̀ pé ọdọọdún ni mo máa ń ya fọ́tò. Bàbá Mógàjí bi mí bóyá wọ́n ń sùn níbẹ̀ lónìí olónìí. Mo ní rárá, mo ní èéfín táyà Gàní ló lé wọn. Àwọn kan mi orí. Àwọn kan ń wo ilẹ̀. Gàní ní pàǹtí ni òun sun.

Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Ó ní òun ò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò kò ní ẹnu tí yóò fi búra. Ó bi mí pé ta ló tún bá mi rí wọn nínú ààwẹ̀ yìí.

Mo ní Àmínù. Mo sọ ọ́ kíá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé pé mo ní i.

Bàbá pè é. Àmínù bọ́ fìlà, ó ń yí i lọ́wọ́.

“Òótọ́ ni mo bá Àǹtí mi dúró níbẹ̀,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú, Bàbá. Mi ò lè fi Àlùkùránì búra pé ẹyẹ ni mo rí.”

Mo wo ẹnu rẹ̀. Ẹnu kan náà ni. Mi ò sọ̀rọ̀, torí bí mo bá la ẹnu mi, èpè ló máa jáde, ọmọ ìyá mi sì ni.

Bàbá Mógàjí ní kò sí ẹlẹ́rìí, kí wọ́n gé igi. Ó ní wọn ò ní jù mí sí títì, wọ́n á fi mí sí yàrá àwọn ọmọbìnrin Gàní. Wọ́n ṣe fàtíà. Mo ṣe àmín pẹ̀lú wọn, kí ni mo fẹ́ ṣe?

Àtìní, 6 Máàṣì

Àmínù wá sẹ́nu ọ̀nà mi láàárọ̀ kí n tó lọ sí ilé-ìwé. Kò wọlé. Ó ní ọmọ mẹ́rin ni òun bí, pé lọ́sẹ̀ ọdún gan-an ni ẹni tó ni bàráńdà ju máṣíìnì òun síta, pé Gàní ní kí òun má san owó ṣọ́ọ̀bù kankan fún ọdún méjì. Ó ní kí n dárí ji òun. Ó ní ọjọ́ tí ara mi bá rọ̀, òun á wá ṣàlàyé dáadáa.

Mo bi í pé ṣọ́ọ̀bù wo ni wọ́n fún un.

Ó ní ẹ̀kẹta.

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sì lọ sí ilé-ìwé mi ní Adéwọlé, mo lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò.

Àlàmísì, 9 Máàṣì

Wọ́n gé e. Àwọn tó ni ẹ̀rọ ìgégi dé kí n tó jáde, ariwo rẹ̀ bá mi dé ìta títì. Nígbà tí mo padà dé lọ́sàn-án, ó ti wà nílẹ̀. Ó gùn ju bí mo ṣe rò lọ, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀kùn mi. Ojú ọ̀run tó wà níbẹ̀ fẹ̀, ó mọ́lẹ̀, mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Oòrùn wọ yàrá mi tààrà, mo rí eruku tó wà lórí gbogbo nǹkan tí mo ní. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Nítorí igi ìdáná, gbogbo ilé ló wà lẹ́yìn ilé nírọ̀lẹ́. Àwọn obìnrin ń ṣẹ́ ẹ̀ka, Gàní ń fi okùn wọn ilẹ̀, Àmínù bá a di etí okùn kejì mú. Kò sí ààwẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó ń kánjú lọ jẹun. Wọ́n gbé àga fún Bàbá Mógàjí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté. Ladani pe ìrun, àwọn ọkùnrin ń wá omi àlùwàlá.

Ìgbà yẹn ni wọ́n dé. Bóyá torí pé èéfín ti tán ni. Wọ́n gba ìhà odò wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n rọ́ wá síbi tí orí igi máa ń wà, wọn ò bá nǹkan kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Òmíràn tẹ̀lé òmíràn títí wọ́n fi bo gbogbo òkè wa, wọ́n ń ké, ohùn wọn há. Àwọn obìnrin dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. Ìyàwó Gàní fi ọwọ́ bo ẹnu. Gàní ju okùn sílẹ̀, ó ń wò wọ́n, ẹnu rẹ̀ là. Kámẹ́rà wà lórí ẹrù mi, fíìmù wà nínú ẹ̀. Mi ò gbé e.

Bàbá Mógàjí gbójú sókè, ó ń wá ohùn náà kiri pẹ̀lú ojú tí kò ríran jìnnà.

“Kí ló ń ké lókè yìí?” ló bi wá.

Kò sí ẹni tó fẹ́ dáhùn. Ó tún bi wá.

“Lékeléke ni, Bàbá,” ni Àmínù wí.